Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ Ìyálé

Lọ́jọ́ tí oúnjẹ bá kan Mùjíbátù ni Jùbrílù ọkọ rẹ̀ máa ń lá àwo. Mùjíbátù a gbé àwo òfìfo náà láì bò ó, a gba ẹnu ọ̀nà Hàjàrá ìyàwó kékeré kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló yá jù.

Ó nídìí. Hàjàrá ni oúnjẹ kàn lọ́jọ́ tí òòyì kọ́ baálé wọn lóko ẹ̀gẹ́, òun ló sì bá a lọ sílé ìwòsàn ní Olódò. Nígbà tí wọ́n dé, ìyàwó kékeré ló jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Ìyálé mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti ń ru, ó sì ti ń ni ọkàn wọn lára. Wọ́n ní ká dín iyọ̀ kù, ká má fi ẹja oníyọ̀ sebẹ̀ mọ́."

"Ìwọ ni nọ́ọ̀sì ní kó wá kọ́ mi lọ́bẹ̀ sísè? Ọkọ tí mo ti ń sebẹ̀ fún kí ìwọ tó mọ iná dá?"

Hàjàrá padà sídìí ààrò rẹ̀. Ó ń se tirẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Jùbrílù a jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní àgbo. Tó bá di ọjọ́ Mùjíbátù, ẹ̀rín ló kù.

"Ìyá Safwan, ọwọ́ rẹ kò lẹ́gbẹ́!" ni yóò máa wí fún ìyálé.

Láti ìgbà tí Hàjàrá ti wọlé, Mùjíbátù kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi báyìí. Ó tún bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀. Ọkọ náà kò béèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Jùbrílù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀ fún àlùwàlá, kò lè nàró mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Àwọn ìyàwó méjèèjì sáré gbé e lọ sí Olódò.

Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà, inú bí i. "Mo sọ pé iyọ̀ á ba ọkàn yìí jẹ́. Ta ló ń sebẹ̀ fún wọn?"

Mùjíbátù yíjú sí Hàjàrá. Ó ń retí kí Hàjàrá nawọ́ sí òun.

"Àwa méjèèjì ni, mà," Hàjàrá dáhùn. "Ẹ má bínú."

Ì bá sàn kó nawọ́ sí i. Oore yẹn ta Mùjíbátù bí ata ojú. Ọmọ yìí tún ti ju òun lọ!

Nígbà tí Jùbrílù padà sílé tí oúnjẹ kan Mùjíbátù, ó gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sídìí ààrò Hàjàrá.

"Ìyàwó, kí lo ń ṣe tí ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fi ń ṣeé jẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí irú ṣáájú, ìyálé mi. Ẹfinrin ló ń kẹ́yìn, kó má pẹ́ lórí iná."

"O ò gbọdọ̀ sọ fún ọkọ wa pé ọwọ́ rẹ ni mo ti kọ́ ọ o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Jùbrílù tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó dáwọ́ dúró. "Ó mà jọ ti Hàjàrá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mùjíbátù lára dé egungun. Agolo iyọ̀ wà nítòsí, ọwọ́ rẹ̀ tó o. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, tí wíwú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ó jókòó tì í títí ó fi jẹun tán. Nígbà tó gbé àwo, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà.