Ta Ló Pa Ẹja Mwalile?

Syombua kì í fọkàn tán ẹni tó bá ń kíni jù. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀ sí Ndunda láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti gba ilẹ̀ ní òdìkejì odò, tó gbin tòmátì sí i. Láàárọ̀, "Màmá, ẹ kú àárọ̀." Lọ́sàn-án, "Màmá, àwọn ewúrẹ́ yín ń kọ́?" Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún juwọ́ láti òdìkejì bí ẹni pé wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Syombua á dá a lóhùn tán, á wá kùn sínú pé, "Ẹni tó fẹ́ràn ewúrẹ́ mi tó báyìí, ó ní ohun tó ń wò lára wọn."

Odò Mwalile kì í ṣe odò tó ń ṣàn lójoojúmọ́. Lápá Kitui níbẹ̀, oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, iyanrìn lásán ni. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á gbẹ́ ihò sínú rẹ̀. Ẹran á gba ojú odò kọjá bí ẹni gba títì, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún á máa já sí i, ìgbẹ́ ewúrẹ́ á máa gbẹ sí i. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àpáta tó kọjú sí ilé Syombua, kòtò omi kan wà tí kì í gbẹ tán. Munyoki, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló gbé epìyà mẹ́fà wá síbẹ̀ nínú garawa láti odò Tana, ní ọdún tí wọ́n fẹ́ra wọn. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín nígbà náà, wọ́n ní ọmọ ẹ̀yà Kamba wo ló ń sin ẹja. Nígbà tó yá, gbogbo abúlé ló ń jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n wá ṣòfin: ewúrẹ́ lè mu nínú kòtò náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọn omi rẹ̀ rin oko.

Ọ̀dá ọdún yìí le. Ó wọ oṣù kẹwàá, òjò kò dé. Ní ọjọ́ ọjà, gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n Syombua tètè padà nítorí ewúrẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ bímọ. Bó ṣe yọ lórí òkè, ó rí Ndunda létí kòtò. Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù bí èyí tó fi ń po oògùn apakòkòrò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ẹnu rẹ̀ dé sínú omi. Ndunda gbójú sókè, ó rí i. Kò kí i. Ó ju dúrọ́ọ̀mù sí èjìká, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tí í kí ènìyàn bí ẹyẹ tí ń ké, kí ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lónìí?

Ní ọjọ́ kejì, òjò ṣú lórí òkè ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, Mwalile dé. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi yọ lọ́nà, ó ń ti ewé, igi àti ìfófòó síwájú bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Àwọn obìnrin ń hó yè. Syombua náà hó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lọ́nà oko tòmátì.

Òórùn ló jí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó sáré dé etí kòtò. Omi ti dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná, àwọn epìyà sì wà lójú rẹ̀, ikùn wọn funfun lókè. Èyí tó tóbi jù, tí ìrù rẹ̀ ti já láti ìgbà ayé Munyoki, ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Syombua gbé e sórí itan. Kò sunkún. Nígbà tó dìde, ó gba òdìkejì odò lọ.

"Màmá, ẹ kú à..."

"Má kí mi! Kí lo dà sínú omi yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò da nǹkan kan síbẹ̀, Màmá."

"Mo rí ọ. Ojú mi méjèèjì yìí rí ọ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù."

Ndunda la ẹnu, ó tún pa á dé. Lójú Syombua, ẹlẹ́bi nìkan ló ń pa ẹnu dé báyẹn.

Baálẹ̀ Ngumbau pe gbogbo ilé sábẹ́ igi. Inú ń bí àwọn èèyàn, ẹnì kan tilẹ̀ ti ní kí wọ́n lọ fa tòmátì Ndunda tu. Ìgbà náà ni Kavutha dìde. Ọmọbìnrin yunifásítì ni, ó ti ń gbé abúlé náà láti ọdún kan, ó ń bu iyanrìn odò sínú ìgò. Syombua kò fọkàn tán òun náà. Kí lèèyàn fẹ́ fi iyanrìn gbígbẹ ṣe?

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Kavutha wí. "Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pa ẹja yìí. Iyanrìn odò kò kú nígbà ọ̀dá. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀, wọ́n ń sùn. Ọ̀dá pa òmíràn nínú wọn, ewé àti ìgbẹ́ ẹran sì ń kóra jọ lé wọn lórí. Tí òjò àkọ́kọ́ bá dé, àwọn tó kù á fi ebi jí. Wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á jẹ òkú ara wọn, wọ́n á sì mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán. Kí ló wá kù tí ẹja máa mí?"

"Nítorí náà, ohun tí n kò rí ló pa ohun tí mo rí?" ni Syombua bi í. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, èló ni Ndunda fún ọ?"

Ó dun Kavutha, ṣùgbọ́n kò bínú. "Màmá, ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é: ẹ da iyanrìn gbígbẹ àti ewé sínú omi tó mọ́, kí ẹ máa wò ó."

Syombua ṣe é. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ. Ó rin ìdajì ọjọ́ gòkè odò, ó kọjá oko gbogbo, ó dé ibi tí ọmọ ènìyàn kì í gbé, tí oògùn oko kankan kò lè dé. Ó bu iyanrìn etí odò tí omi kò tíì kàn, ó ṣa ewé tó wà lórí rẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀. Nílé, ó da omi òjò tó gbà láti orí òrùlé rẹ̀ nígbà tí òjò wínníwínní rọ̀ sínú garawa méjì, ó da iyanrìn àti ewé sínú ọ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Lọ́jọ́ kejì, omi oníyanrìn pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúdú, òórùn tó jí i lọ́jọ́ sí ló tún gbà á nímú. Nínú kòtò, ìwọ̀nba epìyà kéékèèké ló yè níbi tí omi tútù ti ń kán láti ara àpáta. Ó mú méjì níbẹ̀, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú garawa kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nínú omi òjò ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Èyí tó wà nínú omi dúdú sáré wá sókè, ó la ẹnu sójú omi, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè. Syombua gbé e kúrò kíá, ó fi í sínú omi tó mọ́. Kò pẹ́ rárá tó fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Májèlé kì í fi ènìyàn sílẹ̀ wẹ́rẹ́ báyẹn. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù ńkọ́?

Ó bá Ndunda nínú oko, ó ń di igi mọ́ tòmátì.

"Ìwọ kọ́ lo pa ẹja," ló wí. "Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n o ṣe nǹkan. Kí lo ṣe?"

Ndunda tẹrí ba. "Màmá, mo ń pọn omi kòtò náà. Ní ọjọ́ ọjà mẹ́fà, nígbà tí ẹ bá lọ tán. Tòmátì ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Dúrọ́ọ̀mù míì ni, kì í ṣe ti oògùn, àwọ̀ wọn ló jọra. Mo fura pé ẹnì kan ń bọ̀, mo wá ń da èyí tí mo bù padà kí n tó rí i pé ẹ̀yin ni. Ojú tì mí."

Syombua rántí bí omi kòtò ṣe rẹlẹ̀ dé orúnkún lọ́dún yìí. Oòrùn lòun ti ń dá lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n bi Kavutha, ó ní bí omi bá jìn, bóyá díẹ̀ nínú àwọn ẹja ńlá ì bá rí afẹ́fẹ́ mí nísàlẹ̀. Kò dá òun lójú.

Lábẹ́ igi, Syombua ló kọ́kọ́ dìde. "Mo ní ọkùnrin yìí ló fi májèlé pa ẹja. Mo purọ́ mọ́ ọn. Mo sì sọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí ọmọ yìí. Ẹ má bínú." Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Ndunda, ó dúró, títí Ndunda fi dìde tó jẹ́wọ́ tirẹ̀. Baálẹ̀ ní kó lọ sí Tana lọ wá ẹja míì. Wọ́n sì tún ṣòfin kan: tí omi àkọ́kọ́ bá dé, wọn yóò so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà mu omi dúdú, títí omi kejì yóò fi fọ̀ ọ́ lọ.

Kavutha ti sọ fún wọn pé ewé àti ìgbẹ́ tó sọ omi di dúdú kò ṣègbé, ilẹ̀ ló gbà wọ́n. Syombua rí i fúnra rẹ̀. Ẹ̀wà tó gbìn sí etí odò, níbi tí omi dúdú náà dé, yọ ewé tútù yọ̀yọ̀ tó ju ti òkè lọ.

Lẹ́yìn omi kejì, Ndunda dé lórí alùpùpù, ó so kẹ́ẹ̀gì ẹja mọ́ ẹ̀yìn. Syombua ti wà létí kòtò. Ó bu omi sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó yọjú wo inú kẹ́ẹ̀gì dáadáa.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Rọra dà á. Wọn kò tíì mọ ibẹ̀."