Ọwọ́ Òsì Méjì

Àtàǹpàkò ni. Àtàǹpàkò yìí ló máa tú àṣírí mi.

Ọmọ mi ò tíì hun ún débẹ̀. Ó ṣì wà ní ọrùn ọwọ́. Mo ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná níbí — kẹ́, kẹ́, kẹ́ — abẹ́rẹ́ gígùn méjì ń kan ara wọn, kò yára, kò sì dúró. Tó bá kúrò ní ọrùn ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ ló kàn. Tó bá kúrò ní àtẹ́lẹwọ́... Kí ni mo tiẹ̀ ń fọ̀? Àwo kan ṣoṣo ni mo gbá mú láti ìgbà tí ọmọ yìí ti jókòó. Ó ti mọ́. Ó ti mọ́ tipẹ́tipẹ́. Mo tún da ọṣẹ sí i.

Ìbọ̀wọ́ kejì ló ń hun yẹn. Àkọ́kọ́ wà lórí itan rẹ̀, mo rí i nígbà tí mo gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ kọjá: ìpẹ́ ẹja láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, òwú aláwọ̀ eérú tó ń di aró díẹ̀díẹ̀. Ó dára. Kí n má parọ́, ó dára ju èyí tí èmi alára hun lọ. Ọwọ́ òsì ni. Ṣùgbọ́n tó bá tẹ̀ lé bátánì yẹn bó ṣe wà nínú bébà ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì náà ni ìkejì máa jẹ́. Ọwọ́ òsì méjì! Èèyàn wo ló ń gbé ọwọ́ òsì méjì kiri?

Èmi ni mo kọ bátánì náà. Èmi baba rẹ̀. Kò sì mọ̀.

Àbí ó mọ̀?

Kò mọ̀. Níbo ló ti máa mọ̀? Kò sí orúkọ mi lórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo gbé e sí. ‘Abẹ́rẹ́ Méjì’ ni mo pe ara mi, àwòrán òwú tí wọ́n ká jọ ló wà níbi tí àwọn ẹlòmíì ń fi ojú wọn sí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nísàlẹ̀ bátánì kọ̀ọ̀kan: ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa mú un lọ. Fìlà atukọ̀. Ìborùn ayaba afọ́jú. Ìbọ̀wọ́ ìpẹ́. Inú ìtàn kan ṣoṣo ni mo ti fa gbogbo wọn yọ, ìtàn Atukọ̀ Ìkùukùu tí àwọn ọ̀dọ́ ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtàwé nítorí rẹ̀ bí ìwé tuntun bá ti jáde. Ọmọbìnrin kan ń tu ọkọ̀ láàárín ìkùukùu, ó ń fọwọ́ mú mànàmáná kó má baà já lu àwọn ará ilẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ìpẹ́ ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ jó.

Ọmọ mi ló ni àwọn ìwé náà. Ó fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí yunifásítì. Mo wọ yàrá rẹ̀ láti ṣí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kò sí nǹkan míì... mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí ọ̀kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń kà tí kì í fi í gbọ́ tí a bá ń pè é wá jẹun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi dé láti ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́, èmi náà ò gbọ́ nígbà tó pè mí. Ìwé yẹn ní ìbọ̀wọ́ náà ní ìpẹ́, ó ní ó fẹ́lẹ́, ó ní ó móoru. Kò sọ bí wọ́n ṣe hun ún. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ni wọ́n bá ń pè mí ní ‘mà’. Àwọn tó ń gba bátánì. Ẹ ṣé gan-an mà. Ọlọ́run á bù kún yín mà. Ìyá wa, ẹ bá wa ṣe ti ẹ̀wù atukọ̀ náà. Mi ò parọ́ fún ẹnì kankan! Mi ò sọ pé obìnrin ni mí. ‘Ẹni tó hun èyí’ ni mo kọ, ‘ó lo òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́’ ni mo kọ. Ṣé ‘ó’ ní irùngbọ̀n ni? Ṣé ‘ó’ wọ yẹtí? Àwọn ni wọ́n wo abẹ́rẹ́, wọ́n wo òwú, wọ́n fọwọ́ ara wọn so yẹtí mọ́ mi létí. Mo gbà á, mo dákẹ́. Ó tilẹ̀ tù mí lára. Ta ló máa gbà pé ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Tútù, tí gíríìsì kì í tán léèékánná rẹ̀... pé ọwọ́ yìí ló ń hun ìpẹ́ ẹja?

Ọwọ́ òsì. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń hun nǹkan, torí náà ohun tí mo bá ṣe, àwọn tó ń lo ọ̀tún gbọ́dọ̀ ṣe é ní òdìkejì. Mo máa ń yí i padà kí n tó gbé e jáde, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn: ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Mo yí ti ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ padà. Ìkejì... oníbàárà kan ló pè mí, fíríìjì rẹ̀ ń da omi sílẹ̀, mo dìde, mo lọ, mo dé, mo rò pé mo ti yí i. Mi ò yí i. Bí ọwọ́ mi ṣe hun ún gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́. Bí ẹni tó ń lo ọ̀tún bá wá tẹ̀ lé e, àtàǹpàkò máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìyá wa, ọwọ́ òsì méjì ni mo ní o. Èmi náà, mà. Ẹnì kan ní òun ti ń wọ ọ̀kan ní ìdojúdé, pé ó kàn ń rin òun lọ́wọ́ díẹ̀ ni. Mo tún un ṣe lórí ìkànnì, mo bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tọwọ́ ọmọ mi, ti àtijọ́ ni. Ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó wálé fún ìsinmi.

Ó sì sọ̀rọ̀ kan láàárọ̀ yìí. Ìdí tíì la jókòó sí. ‘Dádì, ẹni tó kọ bátánì yìí, ọwọ́ òsì ló ń lò o.’ Tíì gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. ‘Kí lo rí?’ ‘Kò sí nǹkan. Mo kàn ní kí n sọ ni.’ Ó bu ṣúgà, ó ń fi ṣíbí rò ó, ó ń rò ó, kò wojú mi. Kí ni ìtumọ̀ ‘mo kàn ní kí n sọ’? Ẹni tó bá kàn fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣé kò lè sọ̀rọ̀ nípa òjò ni?

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé mo máa ń hun nǹkan. Ó mọ̀. Ìyẹn gan-an ni... Ó ṣì kéré nígbà yẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, mò ń dúró dè é, mò ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ jáde. Ọ̀kan rí mi, ó pe àwọn yòókù. Télọ̀ tó ń gbé òdìkejì wa náà wá mú ọmọ tirẹ̀, ó ní, ‘Ọ̀gá Tútù, ṣé ẹ ti di màmá àgbà ni?’ Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó yanu: ‘Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hun nǹkan níta mọ́.’ Ó rọra sọ ọ́. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Mo ní, ‘Ó ti tán.’ Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ mi ò rí oòrùn mọ́. Pálọ̀ nìkan, tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lápá kan tábìlì, èmi pẹ̀lú òwú mi lápá kejì. A kì í mẹ́nu kàn án.

Ohun kan náà yẹn ló wá gbé lọ́wọ́ yìí, tó ń fi í yangàn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. ‘Gbogbo wa la máa wọ̀ ọ́ lọ síbi ìpàdé àwa tá à ń ka Atukọ̀, Dádì. Ẹ ò mọ bí bátánì yìí ṣe lókìkí tó.’ Mo ní, ‘Ẹn-ẹ́n?’ bí ẹni tí kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Tó bá wá mọ̀ pé ‘ìyá wa’ wọn kì í ṣe ìyá ẹnì kankan, pé ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn ni... Ojú á tún tì í. Ìbọ̀wọ́ yẹn á sú u. Kí àwọn yòókù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo lè gbà á. Òun ni mi ò fẹ́ kó tún fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Ìyá rẹ̀ ní kí n sọ fún un. Kó tó jáde ló sọ ọ́, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà. ‘Ọkọ mi, ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ sọ fún un. Ta lẹ ń sá fún nínú ilé ara yín?’ Ó rọrùn láti fẹnu sọ. Òun kọ́ ni wọ́n ń pè ní ìyá wa.

Ó dúró.

Abẹ́rẹ́ dúró. Ó ti dé àtàǹpàkò, mo mọ̀ ọ́n. Ó ń wo bébà, ó ń wo èyí tó wà lórí itan rẹ̀... Mo lè kàn gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wá nǹkan, kí n ní... kí n ní kí ni? ‘Gbé e sí òdìkejì’? Kó ní, ‘Báwo lẹ ṣe mọ̀, Dádì?’ Rárá. Mo lè — ilẹ̀kùn nìyẹn. Ilẹ̀kùn iwájú. Kí ló ń wọ́ nílẹ̀? Àga. Ó ń wọ́ àga jáde. Ó ń lọ jókòó síta? Bóyá ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o nínú pálọ̀... kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Níwájú ilé! Níṣojú gbogbo àdúgbò!

Mo pa ẹ̀rọ omi. Fèrèsé yìí ò jìnnà síbẹ̀.

Télọ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ kì í pamọ́. Ó ti ń sọdá bọ̀... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ màmá àgbà yẹn sí ọmọ yìí létí o, kó má —

Kí ni mo gbọ́ yìí?

Jẹ́ kí n tún un rò. Télọ̀ ní, ‘Kí lelèyí, ẹja ni àbí ìbọ̀wọ́?’ Ọmọ mi ní ìbọ̀wọ́ ni, sà. Télọ̀ ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní... ó ní, ‘Dádì mi. Àwọn náà ni wọ́n ṣe bátánì ẹ̀. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń hun ún, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.’

Dádì mi.

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ilé wa nìyí. Télọ̀ ní, ‘Ọ̀gá Tútù?’ Ọmọ mi ní, ‘Àwọn ni o. Wọ́n ṣe àṣìṣe kan níbí, wọ́n gbàgbé pé ọ̀tún làwa yòókù ń lò. Mo ti yí i padà, kò le rárá. Bí mo ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn, èmi níbí, àwọn lọ́ọ̀ọ́kán, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí.’

Bí ìgbà téèyàn ń wo dígí...

Mo di etí síǹkì mú. Ó ti mọ̀. Ó mọ̀ láàárọ̀ nígbà tó ń ro tíì. Bóyá ó ti mọ̀ kó tó wálé pàápàá. Kì í ṣe pé ó ń tọ pinpin mi, ó ń dúró kí n sọ ọ́ ni, èmi sì ń wúkọ́! Orí mi ò pé. Èmi àti àwo mi.

Télọ̀ ń béèrè bóyá òun lè rí bátánì náà rà. Ọmọ mi ní ọ̀fẹ́ ni. Télọ̀ ní irọ́ ni, kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé mọ́. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, ẹ̀rín ìyá rẹ̀, èyí tí kì í mọ ibi tó ti máa dúró. Ara mi ti wálẹ̀. Èjìká tí mi ò mọ̀ pé mo gbé sókè láti àárọ̀ ti wálẹ̀. Inú mi dùn, inú mi dùn gan-an, mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ tó bá dé. Màá jáde lọ bá wọn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ nu ojú, kí télọ̀ má baà tún rí nǹkan sọ.

Ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ rí. Mi ò fi abẹ́rẹ́ lé ọmọ yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo rò pé ó ti rí i kọ́... Èmi níbí, àwọn lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà yẹn, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, bírò á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ á máa ṣú lọ, kì í ṣí ojú ewé kejì. Inú máa ń bí mi. ‘Kọjú síṣẹ́ ẹ,’ mo máa ń sọ fún un, n kò ní gbójú sókè, n ó ṣì máa hun tèmi lọ. Kò bá mi jiyàn rí.

Ó kọjú sí i. Ọwọ́ mi ló kọjú sí.