Iyọ̀ Inú Agbọ̀n

Veronica ń wa iṣu lọ́wọ́ nínú oko tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ẹlẹ́gbẹ́ka nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín ebè. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí àgò. Sylvanus ló bọ́ sílẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ọmọ tó jẹun nínú ìkòkò rẹ̀ títí tó fi hu irùngbọ̀n. Ó kó awọnlẹ̀ kan àti àwọn lébìrà dání, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́lẹ̀. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìwàkíwà!

Veronica fi ìbínú lọ bá a, tòun ti àdá lọ́wọ́. Ó bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Sylvanus ní ilẹ̀ bàbá òun ni, ṣe ni wọ́n yá ọkọ Veronica láti fi dáko, òun sì ti rí ẹni tí yóò rà á. Ó yíjú sí awọnlẹ̀, ó ní ẹ̀rí wà: ọdọọdún ni tọkọtaya yìí ń gbé iṣu tuntun wá sílé àwọn, ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń san fún onílẹ̀ sì ni. Awọnlẹ̀ bi Veronica bóyá òótọ́ ni.

Òótọ́ ni wọ́n ń gbé iṣu lọ. Veronica fúnra rẹ̀ ló ń rù ú lórí láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá Sylvanus dùbúlẹ̀, títí bàbá náà fi kú, tó wá ku Màmá Jemimah, ìyá Sylvanus, nìkan. Oore ló wá di ẹ̀rí lẹ́nu ọmọ burúkú yìí. Veronica kò sì ní oko mìíràn láyé.

Ó ju àdá sílẹ̀.

“A gbé iṣu wá sílé yín. Sylvanus, ta ló máa ń gbé agbọ̀n mi padà fún mi?”

Sylvanus ń wolẹ̀.

“Ìwọ ni. Kí ló máa ń wà nínú rẹ̀?”

Veronica dá ara rẹ̀ lóhùn. Iyọ̀ ni, nígbà mìíràn ẹja gbígbẹ, nítorí ìyá Sylvanus kì í dá agbọ̀n ọ̀rẹ́ padà lófìfo. Lébìrà kan, ará Ìpele, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò tíì rí onílẹ̀ tó gba ìṣákọ́lẹ̀ tán tó tún ń bu iyọ̀ fún ẹni tó san án. Awọnlẹ̀ ní kí wọ́n hú òpó. Sylvanus ṣépè, ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Àwọn iṣu tó tóbi jù, tí Veronica ti ṣà sọ́tọ̀ fún Màmá Jemimah láàárọ̀, ṣì wà nínú agbọ̀n. Ó gbé e karí, ó kọjú sọ́nà ilé arúgbó náà. Ó dúró. Iṣu yòówù tó bá tún wọ ilé yẹn, ìṣákọ́lẹ̀ ni Sylvanus yóò máa pè é. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó da iṣu náà mọ́ tirẹ̀, ó sì sunkún nítorí arúgbó tí kò ṣẹ̀ ẹ́.