Ẹni Ogún ní Kíláàsì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá ilé-ìwé gírámà àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ládùúgbò wa. Èmi ni mo ń rán yunifọ́ọ̀mù wọn. Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá wa ní ọ̀kan nínú wa á lọ kàwé, èkejì á dúró ti ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, èmi dúró. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí dòní, kí n má purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lágogo mẹ́wàá. Bí kò bá bá ogún ọmọ ní kíláàsì, ìjọba á ti ilé-ìwé pa. Bàbá ọmọ kan sì ti wá mú tiẹ̀ lọ láná, ó ní ìwé tó kà ti tó, ó wá ku mọ́kàndínlógún. Ni wọ́n bá na ìka sí yunifọ́ọ̀mù tó wà lórí máṣíìnì mi.

Èmi abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta! Mo ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n ṣá. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Ẹnu mi ń jà, ọwọ́ mi ti ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà kó lè gbà mí.

Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá ní kíláàsì. Ìsípẹ́kítọ̀ ń fi pẹ́ńsùlù kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n dìde. Mo dìde, òwú já nídìí aṣọ mi. Ó fa òbìrí roboto sójú pátákó, ó ní báwo la ṣe ń rí àárín rẹ̀. Orúkọ mi nìkan ni mo lè kà láyé yìí, àmọ́ mélòó ni síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀bẹ̀tẹ̀ tí mi ò tíì gé?

Mo ní, “Ẹ ká a sí méjì, sà, kí ẹ tún un ká sí mẹ́rin. Ṣóńṣó rẹ̀ ni àárín.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè rẹ́jísítà. Mo mọ̀ pé kò lè sí orúkọ mi níbẹ̀. Ó ṣí i, ó bi mí lórúkọ, ó sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ọdún méjì gbáko lo fi ń sá fún ilé-ìwé? Má dán an wò mọ́.”

Ó buwọ́ lùwé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní kí ni bàbá yìí ń wí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé rẹ́jísítà síwájú mi. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá, nọ́ńbà kìíní, láti ọjọ́ tí ilé-ìwé ti ṣí. Wọ́n fìka tọ àmì tó tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, wọ́n ní “kò wá” ni gbogbo wọn, ojoojúmọ́, títí dé àná. Ti òní nìkan ló yàtọ̀.

Wọ́n ní, “Mo ti ń retí ẹ. Ojú ló ń tì mí láti pè ẹ́.”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá abẹ́rẹ́ fún mi kí n fi rán ìdí aṣọ mi, torí ó ṣì ku iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n máa kọ́ wa lọ́jọ́ náà.