Ẹ̀yìn Bàbá Lójú Ọ̀nà Yangí

Wọ́n ní gbogbo Ìdòwú ló lórí kunkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìdòwú tiwa yìí. Ìyá tó bí i ní Ọ̀yọ́ ti fi ìkíni àti ìdọ̀bálẹ̀ wo orí kunkun náà sàn kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Benin, bí àgbàlagbà kan bá wọlé, Ìdòwú á ti dìde kí onítọ̀hún tó rí àga. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ ATM.

Ta ni kò ní fi ọmọ rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bàbá Ọláoyè ni, bàbá Tèmidire tí Ìdòwú fẹ́ fi ṣe aya.

Ọmọ Èkìtì ni Bàbá. Ó fi ọdún márùndínlógójì wọn ilẹ̀ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì sí Uwasota ní Benin, ó sì ní kẹ̀kẹ́ Ráléè dúdú kan tó fẹ́ràn ju àwọn ìbátan rẹ̀ mìíràn lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ Tèmidire, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá pàdé: "Wá bá mi gun kẹ̀kẹ́ ní Sátidé." Ọkùnrin méjì ti bá a lọ rí. Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá kàn mi orí, ó ní àwọn yẹn kọ́ ni òun ń wá. Kò sọ ohun tó ń wá fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wá wò ó, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí Ìdòwú ń retí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìyá rẹ̀ ti ra bàtà.

"Abeg, just follow am," Tèmidire sọ fún un lórí fóònù. Benin ni wọ́n bí Tèmidire sí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Yorùbá bi í ní nǹkan, èdè mìíràn ló máa fi dá yín lóhùn. "Popsy no get wahala. Just pedal."

Ìdòwú tún pe ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o rántí. Má ṣíwájú àgbà. Bó ti wù kó rí, ẹ̀yìn ni kí o wà." Ìdòwú di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó yá kẹ̀kẹ́ Gbéminíyì tí wọ́n jọ wà ní báǹkì, kẹ̀kẹ́ tuntun tí táyà rẹ̀ nípọn. Ó wọ ṣòkòtò pénpé tó fún mọ́ ọn nítan, ó dé akoto. Bó ti dé iwájú ilé Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, akoto sì dún gbà lórí sìmẹ́ńtì.

"Dìde," ni Bàbá wí. "A ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn ní òpópónà Uselu tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, àfi ẹni tí ayé ti sú. Bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà ibẹ̀ ò mọ ẹni tó ń najú. Ṣùgbọ́n Bàbá mọ ọ̀nà yangí kan tó la àárín àwọn òkè kọjá lọ sí etí odò, torí òun gan-an ló wọ̀n ọ́n láyé ọjọ́un. Kọngílá kan da òkúta wẹ́wẹ́ sí i pé òun fẹ́ ṣe afárá, ó ṣe é dé ìdajì, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, mọ́tò kan kì í gba ibẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, igi rọ́bà wà lósì, odò ń dán nísàlẹ̀. Ìdòwú gbọ́ èémí ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé Benin, inú rẹ̀ sì dùn.

Bàbá dúró. "Ìdòwú, máa ṣíwájú."

"Èèwọ̀, sà! Kí n wá kọ ẹ̀yìn sí yín?"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ìdòwú rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú. Ìdánwò àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti yege.

Òkè tí wọ́n gùn lẹ́yìn ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bàbá ń rọra lọ, kẹ̀kẹ́ kò sì gbọ́ pé ọmọlúàbí ni ẹni tó gùn ún. Bó bá ti rọra jù, ó máa ṣubú. Ni Ìdòwú bá ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, kó má baà lé àgbà bá. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ̀ kalẹ̀, Bàbá gba inú kòtò kan tí ọ̀gbàrá gbẹ́ lọ tààrà, ó sì já sínú koríko.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Ìdòwú ló rí níbẹ̀, tó ti sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, tó ń wá ibi tí òun náà máa ṣubú sí, kó má baà dà bíi pé òun mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju àgbà lọ.

"O ò rí kòtò yẹn ni?"

"Mo rí i, sà."

"O rí i, o sì dákẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, sà. Mo rò pé ẹ nídìí tí ẹ fi gba ibẹ̀."

Bàbá gbọn koríko kúrò lára. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo bẹ̀ ọ́, ṣíwájú."

"Láéláé, sà." Ó ti yege ẹ̀ẹ̀kejì.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé odò nígbà tí wọ́n kan kùkùté igi ńlá kan tí àwọn tó gé e fi sílẹ̀ létí ọ̀nà. Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ lóko ti sá ìró rẹ̀ sórí rẹ̀. Bàbá rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìdòwú wo kùkùté. Ó wo ìró. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ máa ṣe? Kí àgbà kí ènìyàn, kí ọmọdé wá kọjá láìkí i? Ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, tí àgbọ̀n rẹ̀ wà lórí yangí, ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Ìdánwò kankan ò sí níbẹ̀. Bàbá ò ríran.

Ó gbé ojú sókè. Lẹ́yìn kùkùté, ọ̀nà pín sí méjì: ti òsì lọ sí iyanrìn etí odò, ti ọ̀tún gun afárá tí kọngílá fi sílẹ̀ sí agbede méjì ojú ọ̀run. Ti ọ̀tún ni Bàbá gbà.

Ìdòwú fò sórí kẹ̀kẹ́. "Bàbá, ẹ dákun, sà! Bí kò bá ní jẹ́ àfojúdi, sà, ọ̀nà tí ẹ ń gbà yẹn, sà..." Ọ̀wọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà ò sì gùn tó o. Ẹ̀rù bà á dé ọ̀run. Ó wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí kò ní ìyá, ó ya Bàbá sílẹ̀, ó sì pariwo mọ́ ọn: "Ẹ yà! Ẹ yà síbí!" Ọwọ́ òsì ló fi ń júwe fún àgbà, nítorí bíréèkì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá tẹ̀lé ariwo náà. Àwọn méjèèjì gba inú igbó já sórí iyanrìn, Ìdòwú sì da ojú bolẹ̀.

Kò wulẹ̀ dìde, torí ẹ̀bẹ̀ ló kàn. "Ẹ forí jì mí, sà. Mo ṣíwájú yín. Mo pariwo mọ́ yín. Mo tún fi ọwọ́ òsì júwe. Kùkùté igi ni ẹ kí lẹ́ẹ̀kan, sà, kì í ṣe ìyá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé Tèmidire ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Bàbá jókòó sínú iyanrìn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Igi ńlá yẹn ni mo fi ń mọ ibi tí mo ti ń yà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ti gé e. Ojú mi ti ń ṣú láti ọdún méjì. Bí ìyá Tèmidire bá gbọ́, kẹ̀kẹ́ mi parí. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo ti bẹ̀ pé kí wọ́n ṣíwájú mi, gbogbo yín lẹ ní ẹ̀kọ́ ilé! Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀kọ́ ilé yín pa mí." Ó nu ojú. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Sà, dókítà ojú..."

"Ṣèlérí."

Ìdòwú ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n ń padà, òun ló wà níwájú. "Òkúta lọ́tùn-ún, sà. Kòtò lósì, sà. Ibí tẹ́jú, sà." Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá ń súfèé. Bí wọ́n ṣe wọ Uwasota nìyẹn, tí wọ́n sì bá Ìyá Tèmidire lẹ́nu géètì.

"Hàà! Ìdòwú! Ìwọ lo wà níwájú Dádì? O kọ ẹ̀yìn sí wọn, o tún ń pàṣẹ fún wọn? Irú ọmọ wo rèé? Ṣé irú èyí ni mo fẹ́ fi ọmọ mi fún?"

Ìdòwú dọ̀bálẹ̀.

"Ìdòwú, talk now!" Tèmidire sáré jáde. "Why you dey keep quiet?"

Ó ti ṣèlérí. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń rí bàtà ìyá rẹ̀ tí wọn ò ní wọ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́.

"Fi ọmọ sílẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo ní kó ṣíwájú. N kò ríran mọ́."

Bàbá yíjú sí dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí Tèmidire sá gèlè sí. "Tèmidire, má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ bá mi jà."

Dúrọ́ọ̀mù ò dáhùn. Kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tèmidire, tó wà lápá kejì, la ẹnu, èdè òyìnbó kò sì wá.

"Bàbá mi," ló wí, "ibí ni mo wà."

Ìdòwú dìde nílẹ̀. Ó lọ dúró síwájú Bàbá, ó kọ ẹ̀yìn sí i pátápátá, ó sì gbé ọwọ́ Bàbá lé èjìká ara rẹ̀.

"Ọ̀tún díẹ̀, sà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Kò sí òkúta."