Ta Ló Ń Wẹ̀ Mí?

Gbọ̀ngàn náà kò ní fèrèsé kankan. Erùpẹ̀ pupa ni ilẹ̀ rẹ̀, irú ti ẹ̀yìnkùlé wọn n'Ílé-Olújì, ṣùgbọ́n ó tutù bíi yìnyín. Àwọn èèyàn tò láìsọ̀rọ̀. Ohùn kan ń pe orúkọ láti ibi tí ojú ò tó, ẹni tó bá sì ti pè á pòórá. Ìbídùn dúró títí ó fi ku òun nìkan. Wọn ò pe tirẹ̀. Ó yíjú padà kó lè gba ibi tó gbà wọlé jáde, ògiri ló bá níbẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ìró omi. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sórí àpótí, tó ń fún aṣọ ìnura sínú abọ́.

"Màámi," ni Ìbídùn wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣebí ẹ ti kú."

"Mo mọ̀. Gbé ẹsẹ̀ ẹ wá."

Ó ń fọ ẹsẹ̀ náà, ó ń fi ìka nu àárín ọmọ ìka, bó ti máa ń ṣe nígbà tí Ìbídùn wà ní kékeré, kó tó jẹ́ kó gun bẹ́ẹ̀dì. Omi náà tutù wọ egungun. Ìbídùn fẹ́ fa ẹsẹ̀ yọ, kò ṣeé ṣe.

"Kí lo máa sọ fún àwọn aṣọ́bodè Kánádà?"

Ìyá ti mọ̀. Káàdì ìgbélùú Kánádà wà lọ́wọ́ Ìbídùn, ọkọ àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ jù lẹ́yìn odi lè pàdánù káàdì yẹn. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá ìyá wó, ó sáré wálé fún oṣù díẹ̀, oṣù di ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sùnkànmí, ló kọ́ ọ pé kó fi pásípọ́ọ̀tù àtijọ́, tí òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wálé wà nínú rẹ̀, sílẹ̀, kó mú tuntun dání, kó sì purọ́.

"Mo máa ní ìsìnkú yín nìkan ni mo wá ṣe, mà."

Ọwọ́ ìyá dúró. Ó gbójú sókè. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú náà ṣì wọ́ bí àìsàn ṣe fi í sílẹ̀.

"Bí o ò bá sí nílé, Ìbídùn, ta ló ń wẹ̀ mí?"

Ìbídùn nawọ́ gba aṣọ ìnura náà, ìyá ò fi sílẹ̀.

"Ta ló ń yí mi padà? Ta ló ń bu ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu?"

Ojú ìyá ń ṣú lọ bó ti ń bèèrè. Ìbídùn nawọ́ sí i, òfìfo ló gbá mú.

"Ẹ de bẹ́líìtì yín, a ti fẹ́ balẹ̀." Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, tó jí i lójú àlá. Ìbídùn ti làágùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nini.

Ẹ̀rù ò kúrò lára rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n lè dá a padà láì fojú kan ọmọ rẹ̀. Àmọ́ irọ́ yẹn á pa gbogbo ọdún tó fi tọ́jú ìyá rẹ́, bí ẹni pé obìnrin náà dá nìkan kú.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè bi í pé ìgbà wo ló kúrò ní Kánádà, ó wò ó lójú.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ìyá mi ń ṣàìsàn, èmi ni mo tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú."

Wọ́n mú un wọ yàrá kan. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lọ títí. Níkẹyìn, obìnrin kan ní ti ìtọ́jú ìyá rẹ̀ yé àwọn, kó máa wọlé lọ, káàdì rẹ̀ ṣì dúró.

Níta, ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Ọmọ náà kọ́kọ́ wò ó bí àlejò, kó tó sáré wá.