Kọ́ọ̀pù Rótìmí

Ẹni tí kò bá jókòó níwájú ìgò rí ni yóò sọ pé iṣẹ́ ìjókòó ni. Iṣẹ́ ìjókòó kẹ̀! Ní ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò tí Tinúọlá wà ní Ọ̀gbà, ìgò á máa tò kọjá níwájú iná funfun, ojú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mú èyí tí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀. Ọkàn kò gbọdọ̀ yà síbì kankan. Bẹ́ẹ̀, ọkàn Tinúọlá ti yà lọ láti ìgbà tí Rótìmí ọmọ rẹ̀ ti kú.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ibà ló pa á, lọ́dún kejì tí àwọn alágbádá gbàjọba. Òkú ọ̀fọ̀ ni, àwọn àgbà ìjọ ló lọ sin ín, wọn ò jẹ́ kí bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ ojú oórì. Aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Kọ́ọ̀pù irin tó fi ń mu ògì nìkan ni Tinúọlá rí fi pamọ́ sínú àpótí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Rótìmí mọ́.

Ojú rẹ̀ ti fo ìgò onídọ̀tí méjì. Ọ̀gá Olúgbénró là á mọ́lẹ̀ fún un: "Madam, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa lọlé ni." Ilé wo? Ilé iṣẹ́ aṣọ tí Job ọkọ rẹ̀ wà ti kógbá sílé. Iṣẹ́ ìgò yìí nìkan ni wọ́n fi ń jẹun, àwọn àti àbúrò Rótìmí.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àdúrà lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ágége. Màmá tan àbẹ́là kan síwájú rẹ̀.

"Iná yìí ni kí o máa wò. Má wo ohun tó jọ, má wo ohun tó rán ẹ létí. Bí ọkàn bá rìn lọ, má bá a jà. Fà á padà bí ewúrẹ́ tó já okùn."

"Màmá, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ló ń lọ."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Fà á padà."

Kò rọrùn rárá! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Rótìmí ló rí nínú iná, ó sì sunkún títí àbẹ́là fi jó tán. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ló ń jókòó tì í. Nígbà tó pé oṣù méjì, iná ló ń rí. Níbi iṣẹ́, ìgò ló ń rí. Ojú rẹ̀ ò fo ẹyọ kan mọ́, débi pé ọ̀gá Olúgbénró yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn délé lọ́jọ́ náà. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun náà á wo nǹkan ọmọ òun wàyí. Ó mú kọ́ọ̀pù náà jáde, ó gbé e lé itan, ó ń retí ohùn tó máa ń ké pé ṣúgà ò tó.

Kọ́ọ̀pù irin ni. Etí rẹ̀ ti bó, ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Ọkàn Tinúọlá fẹ́ rìn lọ díẹ̀, ó sì ti fà á padà kó tó mọ̀. Ó tún gbìyànjú. Kọ́ọ̀pù náà ló ń wò.

Job wọlé bá a. "Kí lò ń wò?"

"Kọ́ọ̀pù," ló dáhùn. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á, ó di ọkọ rẹ̀ láṣọ mú. "Bàbá Rótìmí, ẹ gbà mí o. Báwo lojú ọmọ wa ṣe rí?"